Àgbàlá Bàbá Mùílì

Iṣẹ́ fèrèsé ló gbé Ṣùbòmí dé Ọ̀yọ́ lọ́jọ́ náà. Ó ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Takie, ní Ògbómọ̀ṣọ́, níbi tó ti ń gé alumíníọ́mù tó sì ń to gíláàsì sí i, ṣùgbọ́n àwọn ará Ọ̀yọ́ náà a máa pè é níṣẹ́. Nígbà tó dé ilé tó fẹ́ lọ wọn fèrèsé rẹ̀, wọ́n ní onílé ti lọ kí àwọn àna rẹ̀ ní Ìṣẹ́yìn, ó di ìrọ̀lẹ́ kó tó dé. Ṣùbòmí ò bínú. Dúróònù rẹ̀ wà nínú báàgì lẹ́yìn ọkọ̀, ojú ọ̀run mọ́ kedere, atẹ́gùn ò sì pọ̀. Ó ní kí òun kúkú wá fọ́tò yà.

Kò fi dúróònù náà pawó. Ẹ̀rọ kékeré tó ń kùn bí oyin ni, ó ní kámẹ́rà lábẹ́, Ṣùbòmí á dúró sílẹ̀, á sì máa wo ohun tí kámẹ́rà ń rí lójú fóònù rẹ̀. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń wo bọ́ọ̀lù, àwọn mìíràn ń ta ayò. Tirẹ̀ ni pé lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Àìkú, tó bá ti bọ́ sùtánà funfun rẹ̀ tán, á gbé dúróònù sókè, á máa wo bí Ògbómọ̀ṣọ́ ṣe ń rí lójú ẹyẹ.

Inú gúrúùpù Wasáàpù kan tí wọ́n ń pè ní Ojú Òkè ni òun àti àwọn onídúróònù bíi tirẹ̀ ti ń fi fọ́tò han ara wọn. Ará Ọ̀yọ́ wà níbẹ̀, ará Ògbómọ̀ṣọ́ wà níbẹ̀, àwọn kan ń gbé Ìbàdàn. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ò fojú kan ara wọn rí, orúkọ ìnagijẹ ni wọ́n sì fi mọ ara wọn. Bí ilẹ̀ bá ti mọ́, ẹnìkan á kọ ọ́ síbẹ̀ pé, ẹ̀yin olójú òkè, ẹ kú ojúmọ́, báwo ni atẹ́gùn ọ̀dọ̀ yín? Eléyìí á ní atẹ́gùn ń já ewé, tọ̀hún á ní ọyẹ́ bo gbogbo ìlú. Tí dúróònù ẹnìkan bá kọ́ sórí igi, wọ́n á bá a kẹ́dùn bí ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀. Tí fọ́tò bá dára, wọ́n á da àwòrán àtàǹpàkò àti iná sábẹ́ rẹ̀. Tí kò bá dára, Dámisí, aláwàdà àárín wọn, á fi ṣe yẹ̀yẹ́ títí olúwarẹ̀ á fi pa fóònù rẹ̀. Gbogbo Sátidé ni wọ́n ń dìbò yan Fọ́tò Ọ̀sẹ̀. Israfil, ọkùnrin ará Ọ̀yọ́ tó dá gúrúùpù náà sílẹ̀, á wá fi fọ́tò tó borí ṣe ojú gúrúùpù títí Sátidé mìíràn á fi dé. Kò sí ẹ̀bùn mìíràn níbẹ̀, síbẹ̀ wọ́n ń du ú bí ẹni ń du oyè. Ṣùbòmí ò borí rí.

Ẹni tó kọ́ ọ ní púpọ̀ nínú ohun tó mọ̀ ni ẹnìkan tó ń jẹ́ Àwòdì. Àwòdì kì í sọ̀rọ̀ sínú fóònù ránṣẹ́ bíi ti àwọn yòókù. Kíkọ ló máa ń kọ ọ́, pẹ̀lú sùúrù, gẹ́gẹ́ bí olùkọ́ tó mọ ọmọ wò. Òun ló kọ́ Ṣùbòmí bí wọ́n ti ń mú dúróònù balẹ̀ láìfi imú gbálẹ̀. Òun ló sọ fún un pé ìmọ́lẹ̀ òwúrọ̀ dára ju ti ọ̀sán gangan lọ. Nígbà tí Dámisí fi fọ́tò àkọ́kọ́ Ṣùbòmí ṣẹ̀sín, Àwòdì ló kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé ọmọ tó ń kọ́ ìrìn ni, kí wọ́n jẹ́ kó ṣubú díẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn ni Ṣùbòmí ti ń pè é ní Ẹ̀gbọ́n. Nínú ọkàn rẹ̀, ó ti ya Ẹ̀gbọ́n yìí sí ọkùnrin onírùngbọ̀n kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba.

Ohun kan sì wà tí Àwòdì kì í fi ṣeré. Ó máa ń sọ pé, "Ojú títì jẹ́ ti gbogbo wa, àgbàlá jẹ́ ti onílé. Tó o bá rí ènìyàn nínú àgbàlá, yí kámẹ́rà rẹ."

Ẹ̀yìn Ọjà Akẹ̀sán ni Ṣùbòmí ti gbé dúróònù sókè lọ́jọ́ náà. Òrùlé ló ń wá, àwọn páànù àtijọ́ tó ti dípẹtà tí wọ́n forí kọra wọn bí ẹni ń sọ̀rọ̀ àṣírí. Ó ya díẹ̀, wọn ò wù ú. Ló bá tún tì í síwájú, ó kọjá mọ́ṣáláṣí kékeré kan tí wọ́n kun ilé gogoro rẹ̀ ní àwọ̀ ewé, ló bá já sórí àgbàlá kan.

Àgbàlá náà mọ́ tónítóní. Ipa ìgbálẹ̀ ṣì wà lórí ilẹ̀ pupa rẹ̀. Igi dọ̀ngóyárò kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, bàbá arúgbó kan sì jókòó lórí ẹní lábẹ́ rẹ̀, ó wọ bùbá funfun. Aṣọ gígùn kan tí àwọ̀ rẹ̀ dà bí ẹ̀lú tò gbọọrọ láti ibi tí bàbá náà jókòó sí dé ìdí igi, bí ìlà tí wọ́n fi gègé fà. Ó rẹwà débi pé Ṣùbòmí mí kanlẹ̀. Ó mú dúróònù náà wálẹ̀ díẹ̀, nígbà náà ló wá rí i pé wọ́n so orí kan aṣọ náà mọ́ bàbá nídìí, wọ́n sì so orí kejì mọ́ igi.

Ọ̀rọ̀ Àwòdì wá sí i lọ́kàn. Ó gbọ́ ọ bí ìgbà tí ènìyàn gbọ́ tí wọ́n ń pe orúkọ rẹ̀ lókèèrè, ó sì ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Bàbá náà gbọ́ ìkùn ẹ̀rọ, ó gbójú sókè, ó fi ọwọ́ kan ṣíji bo ojú, ó sì na ọwọ́ kejì sókè bí àwọn awakọ̀ ti ń kí ara wọn lójú ọ̀nà. Ìgbà yẹn gan-an ni Ṣùbòmí ya á.

Nígbà tó wọn fèrèsé tán, tó padà dé Ògbómọ̀ṣọ́ lálẹ́, ó gbé fọ́tò náà sínú gúrúùpù, ó sì kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé, "Bàbá àti okùn rẹ̀." Kí ó tó bọ́ bàtà tán, fóònù ti ń dún lé ara wọn. Àwọn ènìyàn tí kì í kí i tẹ́lẹ̀ ń pè é ní ọ̀gá. Ẹnìkan béèrè bóyá wọ́n so bàbá mọ́lẹ̀ ni. Ẹlòmíràn ní àwọn ọmọ òde òní, ohun tí wọn ò ní ṣe ò sí. Ni Dámisí bá kọ tirẹ̀: "Ẹ̀yin ò mọ̀ ni? Àgbò Iléyá tọdún yìí ti wọ̀lú." Ẹ̀rín gba gúrúùpù kan. Ṣùbòmí náà rẹ́rìn-ín. Ó wù ú kí òun náà sọ nǹkan tí wọ́n á fi rẹ́rìn-ín, ló bá kọ ọ́ pé, "Ẹ rọra o, kí àgbò má baà já." Wọ́n tún rẹ́rìn-ín, ọ̀pọ̀ wọn.

Àwòdì, tó máa ń kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ sábẹ́ fọ́tò rẹ̀, ò sọ nǹkan kan.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì ni ọ̀rọ̀ Àwòdì wọlé, kì í ṣe sínú gúrúùpù, ojú fóònù Ṣùbòmí fúnra rẹ̀ ló wá. Kò sí ìkíni níbẹ̀. "Ṣùbòmí, jọ̀ọ́, yọ fọ́tò yẹn kúrò." Ṣùbòmí kà á lórí ìjókòó rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù. Ó mọ̀ pé ó yẹ kí òun yọ ọ́. Ṣùgbọ́n ìbò ti bẹ̀rẹ̀, tirẹ̀ ló sì ń lékè. Ó dáhùn pé, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú ojúmọ́ sà. Ẹ jẹ́ kí wọ́n parí ìbò ní ìrọ̀lẹ́ yìí, màá yọ ọ́." Èsì ò padà wá. Èrò kan sọ sí i lọ́kàn pé bóyá Ẹ̀gbọ́n ń jowú ni, nítorí òun náà máa ń borí. Ojú tì í fún èrò náà, ṣùgbọ́n ó dì í mú, nítorí pé òun ló jẹ́ kó rọrùn fún un láti dúró.

Ó borí. Israfil fi bàbá náà ṣe ojú gúrúùpù. Nínú ìdùnnú, Ṣùbòmí ò rántí ìlérí rẹ̀, tàbí kí á sọ pé ó rántí, ó sì sún un di ọ̀la.

Kí ìsìn ọjọ́ Àìkú tó parí, ẹnìkan tí wọn ò mọ̀ títí di òní ti gbé fọ́tò náà kúrò nínú gúrúùpù, ó ti gbé e sórí Fésìbúùkù. Nígbà tí Ṣùbòmí kọ́kọ́ rí i níbẹ̀, inú rẹ̀ dùn pé iṣẹ́ òun ti rìn jìnnà. Lẹ́yìn náà ló wá ka ohun tí wọ́n kọ sábẹ́ rẹ̀. Èpè ni. Wọ́n ń ṣépè fún àwọn ọmọ bàbá náà, wọ́n ní kí a fi irú okùn kan náà dè wọ́n. Láàárín èpè náà ni ará Ọ̀yọ́ kan ti sọ pé òun mọ mọ́ṣáláṣí aláwọ̀ ewé yẹn, pé òun á lọ wo agbo ilé náà. Ṣùbòmí sáré yọ fọ́tò kúrò nínú gúrúùpù. Ó dà bí ẹni tó ń ti ilẹ̀kùn lẹ́yìn tí ewúrẹ́ ti jẹ iṣu tán.

Ó fẹ́ kọ̀wé sí Àwòdì. Ó kọ ọ́, ó pa á rẹ́, ó tún kọ ọ́. Níkẹyìn ó gbé fóònù sílẹ̀.

Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, Israfil pè é lórí fóònù. Israfil kì í pe ènìyàn, inú gúrúùpù ló ti máa ń sọ̀rọ̀, nítorí náà Ṣùbòmí gbé iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀ kí ó tó gbé e. Israfil ní kí ó jókòó. Ó ní ìyá òun ló mọ àwọn ará agbo ilé náà, àárọ̀ yẹn ni òun ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́. Ó ní bàbá inú fọ́tò yẹn, Bàbá Mùílì ni wọ́n ń pè é, awakọ̀ lọ́rì ni nígbà tó ṣì lágbára, iyè rẹ̀ ti rá láti ìgbà pípẹ́. Bí ilẹ̀ bá ti mọ́, á ní lọ́rì òun ń dúró de òun, á sì forí lé títì. Ọkọ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á rí. Ìyẹn ni wọ́n ṣe ń dè é, nígbà tí kò bá sí ẹni tó lè jókòó tì í. Ó ní láti ọjọ́ Àìkú ni èrò ti ń ya wọ ilé wọn bí ẹni ń lọ wo ìran. Ọkùnrin kan tiẹ̀ fi ọwọ́ ara rẹ̀ tú aṣọ náà níṣojú gbogbo ayé, ẹlòmíràn ń fi fóònù ká a bó ṣe ń wàásù. Láti ìgbà náà ni ọmọ rẹ̀ ò ti láyà láti dè é mọ́. Bí ọmọ náà ti ń ṣe àlùwàlá ìrun àsùbáà lówùúrọ̀ yẹn ni bàbá jáde. Wọn ò tí ì rí i.

Ṣùbòmí béèrè orúkọ ọmọ náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ara ti fu ú.

Israfil ní, "Àwòdì ni."

Bí ó ti wa ọkọ̀ dé Ọ̀yọ́ lọ́jọ́ náà, kò lè sọ. Nígbà tó wọ agbo ilé ẹ̀yìn mọ́ṣáláṣí náà, ó bá àwọn kan tó dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù kékeré kan tí wọ́n ti ń tẹ fọ́tò, tó kọjú sí ọ̀nà. Obìnrin kan wà láàárín wọn, ó wọ hìjáàbù aláwọ̀ aró, dúróònù wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń ki bátìrì bọ̀ ọ́. Kò lè ju ọjọ́ orí ẹ̀gbọ́n Ṣùbòmí obìnrin lọ. Israfil, tó ti débẹ̀ ṣáájú, ní, Kúbúrátù nìyí, òun ni Àwòdì. Ṣùbòmí dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí iyẹ̀pẹ̀. Gbogbo ohun tó ti tò sílẹ̀ lọ́kàn láti sọ fún ọkùnrin onírùngbọ̀n yẹn sá lọ.

Kúbúrátù wò ó. Ojú rẹ̀ gbẹ, ó dà bíi ti ẹni tí kò sùn. "Dìde," ló wí. "Apá ọ̀nà Ògbómọ̀ṣọ́ ni kí o lọ wò. Ọ̀nà tí lọ́rì rẹ̀ máa ń ná nìyẹn."

Àwọn ará Ojú Òkè tó wà nítòsí ti ń dé, Dámisí náà wà lára wọn, kò dá àwàdà kankan. Wọ́n pín ìlú mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Lọ́jọ́ náà, gúrúùpù tó máa ń kún fún ẹ̀rín ò gbé nǹkan mìíràn ju ọ̀rọ̀ kúkúrú lọ. Mo ti wo ẹ̀yìn gáràjì, kò sí. Mo rí ẹni tó wọ funfun ní oko gbágùúdá. Alágbàṣe ni. Mo ń lọ sí ìhà odò. Bátìrì mi ti ń tán, kí ẹlòmíràn gba ibí. Ṣùbòmí ń wa ọkọ̀ díẹ̀, á dúró, á gbé dúróònù sókè, á wo igbó ọ̀tún àti tòsì, á tún wakọ̀. Orí ènìyàn ò yàtọ̀ síra wọn láti òkè. Nígbà kan ó rí funfun kan nínú koríko, ó sáré mú dúróònù wálẹ̀. Nígbà tó sún mọ́ ọn, àpò ajílẹ̀ tó ti ṣófo ni.

Ìrọ̀lẹ́ ti ń lọ kí wọ́n tó rí bàbá, kì í sì í ṣe dúróònù ló rí i. Awakọ̀ tírélà kan ló dúró kí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ lè tutù, ó wá gbọ́ ohùn ènìyàn nínú kòtò àgbàrá kan lábẹ́ afárá kékeré. Ohùn náà ń pe ọmọ ọkọ̀ kan pé kó fi igi sí táyà kí lọ́rì má baà yí padà. Awakọ̀ náà sọ̀ kalẹ̀, ó bá Bàbá Mùílì lórí àpáta, bùbá funfun rẹ̀ ti di ẹrẹ̀, egungun itan rẹ̀ ti dá. Igi ló ṣíji bo kòtò náà pátápátá. Nígbà tí Ṣùbòmí débẹ̀, ó mọ igi náà. Dúróònù rẹ̀ ti fò kọjá lórí rẹ̀ ní ọ̀sán.

Ilé ìwòsàn kan ní Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n gbé bàbá lọ, nítorí ibẹ̀ ni wọ́n ti ń to irú egungun bẹ́ẹ̀. Kò jìnnà sí Takie. Bí Ṣùbòmí bá ti kúrò ní ṣọ́ọ̀bù, ibẹ̀ ló máa ń lọ. Á gbé omi lọ, á gbé ògì gbígbóná lọ, á bá wọn ra oògùn tí wọ́n bá kọ, á sì padà. Kúbúrátù á gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, á dúpẹ́ bí a ti ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tí a ò mọ̀. Ọ̀rọ̀ náà dúró sí àárín wọn, kò sí ẹni tó fọwọ́ kàn án.

Ní ṣọ́ọ̀ṣì, wòólì ní kí gbogbo ìjọ kúnlẹ̀ tọrọ ìdáríjì ẹ̀ṣẹ̀ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ṣùbòmí kúnlẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tọrọ, ló bá rí i pé ìyẹn ò le. Ọlọ́run kọ́ ló ni bàbá tó dá nítan.

Ọjọ́ kan tí òjò ń rọ̀, tí ilé ìwòsàn dákẹ́, ó bá Kúbúrátù lórí àga gígùn níta yàrá. Ó jókòó sí ìkángun kejì. Kò tún dúró wá ọ̀rọ̀ tó dára.

"Ẹ̀gbọ́n, mo ka ọ̀rọ̀ yín lówùúrọ̀ ọjọ́ náà. Mo mọ̀ pé ó yẹ kí n yọ ọ́ lójú ẹsẹ̀. Ìbò ni mò ń dúró dè."

"Mo mọ̀," ni Kúbúrátù wí. "Àmì Wasáàpù méjèèjì ti di búlúù, mo rí i pé o ti kà á kí o tó dáhùn. Mo jókòó ti fóònù, mò ń retí pé o máa yọ ọ́."

Òjò ń lu páànù. Ohùn rẹ̀ ò le, ó kàn rẹ̀ ẹ́ ni.

"Okùn ni mo kọ́kọ́ lò. Ó ń bó o lára, ó sì máa ń bá a jà. Ni mo bá yọ ìró ìyá mi nínú àpótí. Ìyẹn ni kì í bá jà. Ó máa ń rò pé ìyá mi ló di òun mú." Ó fa hìjáàbù rẹ̀ bo àtẹ́lẹwọ́. "Èmi náà ò ṣe dáadáa. Ká ní mo kọ ọ́ sínú gúrúùpù pé bàbá mi ni, ẹ̀rín yẹn ì bá dáwọ́ dúró. Ojú tì mí. Mo jókòó, mò ń kà á bí ẹ ṣe ń pè é ní àgbò. Mo ka tìrẹ náà."

Ṣùbòmí ò lè gbé orí sókè. Ó béèrè bóyá ó lè dárí ji òun.

"Mi ò tí ì mọ̀," ló dáhùn. "Tí mo bá sọ pé mo ti ṣe é, irọ́ ni mo pa. Má bi mí mọ́, Ṣùbòmí. Tó o bá ń bi mí, èmi ni màá tún máa tù ọ́ nínú, bàbá mi sì wà lórí ibùsùn níbẹ̀ yẹn."

Lọ́jọ́ kejì ni Ṣùbòmí kọ gbogbo rẹ̀ sínú gúrúùpù. Ó ní òun rí i pé wọ́n so bàbá náà kí òun tó ya á, òun mọ̀ pé kò yẹ, wọ́n ní kí òun yọ ọ́, òun sì dúró de ìbò. Kò dárúkọ Àwòdì. Àwọn kan tù ú nínú. Wọ́n ní ẹni tó gbé e sórí Fésìbúùkù ló jẹ̀bi, wọ́n ní ohun tó bá ti máa ṣẹlẹ̀ á ṣẹlẹ̀. Ìtùnú náà ta á lára ju èébú lọ. Dámisí fi gúrúùpù sílẹ̀. Israfil fi fọ́tò òfìfo ojú ọ̀run ṣe ojú gúrúùpù, kò sì pè wọ́n síbi ìbò mọ́. Fún ìgbà pípẹ́, àwọn ènìyàn ò béèrè ju atẹ́gùn lọ níbẹ̀.

Bàbá Mùílì ò rìn mọ́. Àwọn dókítà to egungun náà, ṣùgbọ́n ara àgbà kò gbà á. Nígbà tí wọ́n dá a sílẹ̀, wọn ò gbé e padà sí Ọ̀yọ́, nítorí Kúbúrátù ò lè máa dá gbé e sókè gbé e sílẹ̀. Àbúrò bàbá náà obìnrin kan, Ìyá Waliyat, tó ń dáko ní Ìkòyí-Ilé, ní kí wọ́n gbé e wá sọ́dọ̀ òun, ilé òun kún fún ọmọ àti ọmọ ọmọ. Ìdílé náà ò tún nílò láti dè é. Ẹ̀rù títì tó ń bà wọ́n tẹ́lẹ̀ ti tán, ọ̀nà tó gbà tán ni Ṣùbòmí ò lè gbé kúrò lọ́kàn.

Ó gbọ́ lẹ́nu Israfil pé yàrá tí bàbá wà móoru, pé fèrèsé onípákó ibẹ̀ ti wú, kò ṣeé ṣí. Ó kọ̀wé sí Kúbúrátù bóyá òun lè wá ṣe òmíràn. Èsì rẹ̀ kúrú. Ó ní kí ó wá bi onílé.

Ìyá Waliyat gbà tayọ̀tayọ̀. Kò mọ ẹni tí Ṣùbòmí jẹ́, ọ̀rẹ́ Kúbúrátù tó mọṣẹ́ fèrèsé ni wọ́n pè é fún un. Lọ́jọ́ tó wá ṣiṣẹ́, Kúbúrátù náà ti Ọ̀yọ́ wá wo bàbá rẹ̀. Ṣùbòmí yọ pákó àtijọ́, ó gbẹ́ ògiri, ó gbé férémù sí i. Ìyá Waliyat gbé iyán àti ọbẹ̀ ẹ̀gúsí wá, ó gbé e sórí àpótí nítòsí rẹ̀, ó ní kí ọmọ òun má ṣe jẹ́ kí ó tutù. Ó wá jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń yìn ín. Ó ní irú rẹ̀ ṣọ̀wọ́n láyé ìsinsìnyí. Ó ní ayé ti bàjẹ́, àbí irú ènìyàn wo ló máa gbé ẹ̀rọ sókè lọ yọjú wo arúgbó nínú ilé, tó máa fi í han gbogbo ayé?

"Ẹni tó ṣe é yẹn," ló wí, ó sì gbọ́wọ́ sókè, "Ọlọ́hun Ọba—"

"Èmi ni, Ìyá."

Ṣùbòmí ti sọ̀ kalẹ̀ lórí àkàsọ̀. Kò mọ ìgbà tó sọ̀ kalẹ̀. Ó dúró síwájú rẹ̀ pẹ̀lú ìṣó férémù lọ́wọ́, ekuru bíríkì bo irun rẹ̀.

"Èmi ni mo ya fọ́tò náà. Wọ́n ní kí n yọ ọ́ kúrò, mi ò tètè yọ ọ́."

Ìyá Waliyat yíjú sí Kúbúrátù. Kúbúrátù mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Ọwọ́ tí ìyá náà gbé sókè dúró díẹ̀ lókè, ó wá gbé e wálẹ̀ sí orúnkún rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó gbé ohun tó fẹ́ sọ mì. Ó dìde, ó gbé abọ́ iyán kúrò lórí àpótí, ó sì jáde lọ.

Ṣùbòmí ò mọ̀ bóyá kí òun kó irinṣẹ́ òun ni, àbí kí òun ṣe é parí. Ihò ńlá ṣì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ férémù, òjò sì lè rọ̀. Ó tún gun àkàsọ̀. Ó de férémù, ó to gíláàsì, ó fi ọwọ́ tì í wò, ó rìn geerege. Nígbà tó ṣí i sílẹ̀, atẹ́gùn oko wọlé, ó gbé etí aṣọ ìbora bàbá.

Bàbá Mùílì yí orí sí ibẹ̀. "Ta ló ṣe eléyìí?" ló béèrè.

"Oníṣẹ́ fèrèsé ni, Bàbá," ni Kúbúrátù dá a lóhùn.

"Ó ṣeun. Ọlọ́hun má ṣe dójú tì í."

Ṣùbòmí la ẹnu láti ṣe àmín, ó tún pa á dé. Ó yíjú sí ògiri, ó ń nu ibi tó ti nù tẹ́lẹ̀. Kúbúrátù ń tún ìrọ̀rí bàbá ṣe, òun náà ò ṣe àmín, ṣùgbọ́n kò sọ fún bàbá rẹ̀ pé kó gba àdúrà náà padà.

Ṣùbòmí ti kó irinṣẹ́ rẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà ìta nígbà tí Ìyá Waliyat jáde láti ilé ìdáná. Ó gbé abọ́ iyán náà dání, ó ti tutù. Ó gbé e ka orí pèpéle, kò wo ojú rẹ̀.

"Jẹun kí o tó máa lọ," ló wí. "Ọ̀nà jìn."

Ṣùbòmí jókòó, ó fọ ọwọ́, ó sì jẹ ẹ́.